Ṣé Ó Yẹ Kí Wọ́n Ta Panápaná?

Ní oṣù Keje ọdún 2016, ìbéèrè kan gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ eré bésíbọ́ọ̀lù ní ìlú New York. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yankees ní ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò méjì tí ojú gbogbo ẹgbẹ́ tó kù wà lára wọn: Aroldis Chapman, ọmọ orílẹ̀-èdè Cuba, àti Andrew Miller, ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò já fáfá ní sáà náà; bó bá borí lónìí, a pàdánù lọ́la. Ṣé kí ó ta àwọn akọni méjèèjì nígbà tí iye wọn ṣì ga ni, àbí kí ó dì wọ́n mú ṣinṣin, nítorí pé ohun tó dára kì í pọ̀ lọ́jà? Ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè yìí kan ìlú ńlá mẹ́ta gbọ̀ngbọ̀n kí ọdún náà tó parí.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ́ ọn lára, àlàyé díẹ̀ yẹ kó ṣíwájú. Ìpele mẹ́sàn-án ni ìdíje bésíbọ́ọ̀lù kan ní. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù, èkejì ń fi igi gbá a, lẹ́yìn náà wọn a pààrọ̀ ipò. Lóde òní, ajùbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré kì í sábà parí rẹ̀, nítorí apá ènìyàn kì í ṣe irin. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí bí àwọn tó di igi mú bá ti mọ ọwọ́ rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò pe arọ́pò wọlé, ẹni tó bá sì ti jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà. Arọ́pò tó dára jù lọ ni wọ́n máa ń tọ́jú de ìparí eré, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń fi àmì ayò kan tàbí méjì péré ṣíwájú. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní panápaná, nítorí ìgbà tí ilé bá ń jó ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rà àti tà pẹ̀lú yàtọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, owó ni wọ́n sábà ń kà sílẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù. Nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ènìyàn ni wọ́n sábà ń fi pààrọ̀ ènìyàn. Ẹgbẹ́ tó ń lépa ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà yóò kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ fún ẹgbẹ́ tí sáà rẹ̀ kò dára, yóò sì gba akọni kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá múṣémúṣé. Wọn kì í sábà bi agbábọ́ọ̀lù náà léèrè bóyá ó wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún àdéhùn rẹ̀ bá pé, ó di olómìnira, ibi tó bá wù ú ló lè lọ. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ tí àdéhùn akọni rẹ̀ ń parí lọ ṣe ń sáré: bí kò bá tà á lónìí, ó lè máà rí ohun gidi kan gbà lórí rẹ̀ lọ́la.

Kì í ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ ni panápaná ti níyì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ń retí pé kí ó parí rẹ̀, ẹni tí kò tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe arọ́pò. Akọ̀ròyìn eré ìdárayá kan ní Chicago, Jerome Holtzman, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ láti máa ka iye ìgbà tí arọ́pò dáàbò bo ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1969, àwọn aláṣẹ eré náà fọwọ́ sí ìṣirò yìí. Ohun tí ènìyàn bá sì lè kà ni ó lè díye lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tony La Russa ti ìlú Oakland fi ìpele tó kẹ́yìn lé Dennis Eckersley lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù rí i pé ó ṣiṣẹ́, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Báyìí ni arọ́pò ṣe di ẹni iyebíye.

Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan, kí àwọn ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ìpele mẹ́sàn-án lọ́nà 162 jẹ́ 1,458. Nínú gbogbo èyí, panápaná tó gbajúmọ̀ jù lọ kì í sábà jù ju ìpele 60 sí 70 lọ, èyí tí kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wo ìṣirò yìí yóò sọ pé òmùgọ̀ ni ẹgbẹ́ tó bá kọ ọ̀dọ́ tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ìpele kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ti jókòó sí pápá rí, tó rí ìṣẹ́gun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpele kẹsàn-án, yóò dáhùn pé wákàtí kò dọ́gba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ilé fi ń jó ju odindi oṣù tí a fi sùn nínú rẹ̀ lálàáfíà lọ.

Ìtàn ti fi ìyà jẹ àwọn tó rà á ju bó ṣe jẹ àwọn tó tà á lọ. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ẹgbẹ́ Red Sox ti ìlú Boston nílò arọ́pò kan láti parí sáà náà. Wọ́n gba Larry Andersen, ẹni ọdún 37, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Astros ti ìlú Houston, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jeff Bagwell dí i. Andersen kò já wọn kulẹ̀. Ìpele 22 ni ó jù, ó sì jù ú dáadáa. Boston gba ipò kìíní ní agbègbè wọn, ṣùgbọ́n Oakland, tí Eckersley wà nínú rẹ̀, fi ìdíje mẹ́rin sí òdo lé wọn kúrò lọ́nà. Sáà náà parí, Andersen sì lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Bagwell lò ní Houston. Ó gbá bọ́ọ̀lù 449 kọjá ògiri pápá, ní ọdún 2017 wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé ìrántí àwọn akọni eré náà.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló yẹ kó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ìlú Seattle kò kọ́ ọgbọ́n náà. Ní oṣù Keje ọdún 1997, ẹgbẹ́ Mariners ń borí, ṣùgbọ́n àwọn arọ́pò wọn ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n gba Heathcliff Slocumb lọ́wọ́ Boston, wọ́n sì fún Boston ní ọ̀dọ́ méjì: Derek Lowe àti Jason Varitek. Baltimore na Mariners ní ìpele àkọ́kọ́ àṣekágbá ọdún náà. Ní ọdún 2004, nígbà tí Boston gba ife-ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1918, Lowe ló borí nínú ìdíje tó kẹ́yìn ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àṣekágbá náà, Varitek sì ni ẹni tí ń gba bọ́ọ̀lù fún àwọn ajùbọ́ọ̀lù wọn.

Ẹni tó ń darí rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù ní Boston ní ọdún 2004 ni Theo Epstein. Ní ọdún 2016, òun kan náà ló ń darí ẹgbẹ́ Cubs ti ìlú Chicago. Ó jẹ èrè ohun tí Seattle ṣe. Ó mọ iye tí irú òwò bẹ́ẹ̀ lè ná ènìyàn. Síbẹ̀, òun ló kan ilẹ̀kùn Yankees ní oṣù Keje ọdún náà. Láti ọdún 1908 ni Cubs kò ti gba ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n bí àwọn ènìyàn, wọ́n dàgbà, wọ́n sì kú sínú ìrètí náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, Epstein kó agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin fún Yankees, ó sì gba Chapman. Èyí tó ṣeyebíye jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Gleyber Torres, ọmọ ọdún 19 láti Venezuela. Ní òpin oṣù náà, Yankees tún fi Miller fún ẹgbẹ́ Cleveland, wọ́n sì gba agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin mìíràn, Clint Frazier àti Justus Sheffield nínú wọn.

Ohun kan wà nínú òwò náà tí ìṣirò kò lè gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, àwọn aláṣẹ eré ti dá Chapman dúró fún ìdíje 30 lábẹ́ òfin wọn tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí Yankees gbà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Oṣù méje lẹ́yìn náà, iye rẹ̀ ti ròkè. Àwọn kan lára àwọn alátìlẹ́yìn Cubs kò rí i ṣe láti pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjà mọ iye apá rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tí ọjà fi ń wọn ìyókù.

Bí àyànmọ́ bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, bí yóò ti ṣe é nìyẹn: Cubs àti Cleveland ló pàdé ní àṣekágbá, tí panápaná Yankees méjèèjì sì dojú kọ ara wọn. Miller ti ju ìpele 19 ó lé díẹ̀ ní àwọn ìdíje àṣekágbá ọdún náà, ó sì lé ènìyàn 30 kúrò nídìí igi. Cleveland ṣíwájú pẹ̀lú mẹ́ta sí ọ̀kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Cubs lo Chapman bí ẹni tó yá ọkọ́ tí yóò dá padà lọ́la: bọ́ọ̀lù 42 ló jù ní ìdíje karùn-ún, ó sì tún jáde ní ìkẹfà. Ní ìdíje keje, ní Cleveland, ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ẹni kan gbá bọ́ọ̀lù Miller kọjá ògiri. Nígbà tó di ìpele kẹjọ, tí Cubs ń fi mẹ́fà sí mẹ́ta ṣíwájú, wọ́n pe Chapman. Apá rẹ̀ ti rẹ̀. Rajai Davis gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá ògiri, ayò sì di mẹ́fà sí mẹ́fà. Òjò rọ̀, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 17. Ní ìpele kẹwàá, Cubs fi mẹ́jọ sí méje borí. Ẹni tó pa iná náà pátápátá ni Mike Montgomery, arọ́pò mìíràn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Seattle ní oṣù Keje kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò lùlù fún nígbà tó dé.

Ní Chicago, àwọn ènìyàn fi ẹfun kọ orúkọ àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà wọn tó ti kú sára ògiri pápá Wrigley Field, kí àwọn náà lè pín nínú ayọ̀ náà. Ta ni yóò wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé owó ti pọ̀ jù?

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò àwọn tó tà náà wá sójú táyé. Kí oṣù Kejìlá tó parí, Chapman tó ti di olómìnira padà sí Yankees pẹ̀lú àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 86 dọ́là. Wọ́n ti gba iye ọjà, ọjà tún padà sílé. Torres wọ ẹgbẹ́ àgbà ní ọdún 2018, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 38 kọjá ògiri ní 2019. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 yẹn, José Altuve ti Houston gbá bọ́ọ̀lù Chapman kọjá ògiri, sáà Yankees sì parí síbẹ̀. Frazier kò di ohun tí wọ́n retí; wọ́n tún fi Sheffield ṣe pàṣípààrọ̀ ní ọdún 2018. Torres fi New York sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 2024 láìgba ife-ẹ̀yẹ. Ní ti Cleveland, eékún Miller bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó lọ lẹ́yìn sáà 2018, ìlú náà sì ń retí ife-ẹ̀yẹ láti ọdún 1948 títí di òní.

Ta ló jèrè? Yankees kò ṣìṣe, nítorí iṣu wọn kò tíì ta ní ọdún 2016. Kò sídìí tí wọn ì bá fi di ọkọ́ mú láìsí ohun tí wọn yóò wà. Cubs náà kò ṣìṣe, nítorí iṣu wọn ti ta. Ìyàtọ̀ wọn sí Boston ti ọdún 1990 kò pọ̀ rárá. Ìdíje kan péré ni, àti òjò ìṣẹ́jú 17. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dá. Ọ̀kan di òmùgọ̀, èkejì di akọni.

Ìtàn kan tún kù. Kí sáà 1996 tó bẹ̀rẹ̀, Seattle fi agbábọ́ọ̀lù kan, Felix Fermin, lọ Yankees, wọ́n sì ń béèrè ọ̀kan nínú àwọn arọ́pò méjì. Àwọn ọ̀gá Yankees jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n tó kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ọmọ Panama kan tí ń jẹ́ Mariano Rivera. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 2013. Ìgbà 652 ni ó dáàbò bo ìṣẹ́gun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ márùn-ún ni ó sì bá wọn gbà.

Ìgbà ara là ń búra. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹgbẹ́ tó ń ronú láti ta panápaná rẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkùnrin náà dára. Kí ó kọ́kọ́ wo ilé tirẹ̀, bóyá ohun tó tó jó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ojú ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ dáadáa, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.