Igi Kòkó àti Ilẹ̀ tó Ṣá ní Agége

Kí Aláúsá tó di ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, oko ló yí Agége ká. Nígbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, kòkó ni òwò wọn. Ewé tó ti ń jẹrà lábẹ́ igbó láti ọdún pípẹ́ sì ni ajílẹ̀ wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣá, àgbẹ̀ àtijọ́ a fi í sílẹ̀ kí igbó tún bò ó. Igi kòkó kò gba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀: ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni í fi ń jókòó lójú kan, ọdọọdún sì ni a ń kó lára ọ̀rá ilẹ̀ náà lọ sí èbúté nínú àpò. (Èèpo rẹ̀, tí potassium pọ̀ nínú rẹ̀, ì bá dá díẹ̀ padà bí a bá fọ́n ọn ká sídìí igi.)

Owó kòkó já wálẹ̀ ní 1920 sí 1921, gbànja sì gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rọrùn láti fi ọjà Òkè Ọya àti ojú irin nìkan ṣàlàyé èyí. Lójú tèmi, ilẹ̀ náà lọ́wọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ àti títì ti bo ilẹ̀ ọ̀hún báyìí. Ẹni tó bá ń ka ìwé Coker ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, kí ó wá ọjọ́ orí igi níbẹ̀, kì í ṣe iye owó nìkan.