Ìjíhìn

Jẹ́ àti ìhìn ló di jíhìn: kí ẹni tí a rán níṣẹ́ padà wá ṣàlàyé fún ẹni tó rán an. Àwíjàre yàtọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ ló ń wí i.

Àwíjàre ni ará Ìlú Ọba ti gbọ́ sú. Ní 2009, ìwé ìròyìn Daily Telegraph tú àṣírí owó tí àwọn aṣòfin ń gbà padà lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí wọ́n san owó ilé pẹ́pẹ́yẹ fún òun. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2022, ọlọ́pàá bu owó ìtanràn lé Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, nítorí àpèjọ tó rú òfin Kòrónà. Lọ́dún kejì, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi Ilé Aṣòfin lọ́nà.

Abájọ tí òṣèlú bá ní “a ti kọ́gbọ́n,” tí aráàlú ń yínmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní “ọ̀kan náà ni gbogbo wọn” ti dá ọ̀daràn sílẹ̀ láìgbẹ́jọ́. Ìyèméjì tó wúlò ni èyí tó ń béèrè ìjíhìn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀, lórúkọ.