Adirondack: Igbó Olókè Tí Òfin Ń Ṣọ́, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Pàgọ́ Síbẹ̀

Ní apá òkè ìpínlẹ̀ New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni igbó kìjikìji kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adirondack. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìlú New York nìkan ló mọ̀, níbi tí ilé alájà gogoro ti fara kọ́ra, lè ṣiyèméjì pé ìpínlẹ̀ kan náà ló ni ín. Fífẹ̀ igbó ọ̀hún tó mílíọ̀nù 6 éékà. Adágún omi inú rẹ̀, ńlá àti kékeré, lé ní 3,000. Òkè Marcy ló ga jù níbẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 5,344 ẹsẹ̀ bàtà. Lẹ́bàá òkè yìí ni adágún kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Lake Tear of the Clouds. Òun ni adágún tó ga jù lọ nínú àwọn orísun odò Hudson, odò tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú New York kọjá sínú òkun.

Omi yìí gan-an ló gba igbó náà là. Ní ọdún 1869, pásítọ̀ kan láti ìlú Boston, William H. H. Murray, kọ ìwé tó fi rọ àwọn ará ìlú ńlá pé kí wọ́n wá sinmi nínú igbó yìí, kí wọ́n wa ọkọ̀ lójú omi, kí wọ́n sì sùn nínú àgọ́. Ìwé náà tà gan-an, èrò sì ya wọ inú igbó, débi pé wọ́n ń fi àwọn àlejò wọ̀nyí ṣẹ̀fẹ̀ pé òmùgọ̀ Murray ni wọ́n. Lákòókò kan náà, àwọn agégẹdú ń gé igi lulẹ̀ láìsinmi. Verplanck Colvin, tó ń wọn ilẹ̀ náà fún ìjọba láti ọdún 1872, kìlọ̀ pé bí igi bá tán lórí òkè, omi tó ń lọ sínú odò Hudson àti odò àtọwọ́dá Erie, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, yóò fà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ajé yìí ló wọ àwọn aṣòfin létí ju ẹwà igbó lọ.

Ní ọdún 1885, wọ́n ṣòfin pé kí ilẹ̀ ìjọba tó wà níbẹ̀ máa jẹ́ igbó títí láé. Ní 1892, wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Nígbà tó sì di 1894, àwọn ará ìlú dìbò, òfin náà sì wọ inú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ New York. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ náà, kò gbọ́dọ̀ fi í yáni, kò sì gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀ tà. Bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá fẹ́ yí èyí padà, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní láti fọwọ́ sí i, kí àwọn ará ìlú tó tún dìbò lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọdún 1927 kí wọ́n tó la ọ̀nà mọ́tò gun òkè Whiteface. Àmọ́ o, ilẹ̀ ìjọba dín díẹ̀ ní ìdajì ọgbà náà. Ti aládàáni ni ìyókù, ìlú àti abúlé sì wà láàárín rẹ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ pàgọ́ gbọ́dọ̀ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa kó má baà sùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn adúláwọ̀ náà ní ìtàn níbẹ̀. Láti ọdún 1821, òfin New York sọ pé ọkùnrin adúláwọ̀ kò lè dìbò àyàfi bó bá ní dúkìá tó tó $250, ohun tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun mọ́ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ní 1846, olówó kan tó kórìíra òwò ẹrú, Gerrit Smith, bẹ̀rẹ̀ sí í pín 120,000 éékà ilẹ̀ fún 3,000 ọkùnrin adúláwọ̀, 40 éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè dáko, kí wọ́n sì lè dìbò. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú àwọn ìletò wọn ní Timbuctoo, orúkọ ìlú àtijọ́ tó wà ní Mali. Òtútù ibẹ̀ le, iṣẹ́ oko sì nira. Ìwọ̀nba ìdílé ló lè fara dà á. John Brown kó lọ bá wọn gbé ní North Elba ní 1849, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ibojì rẹ̀ kò jìnnà sí ìlú Lake Placid, ẹni tó bá ń lọ pàgọ́ sì lè yà síbẹ̀.

Ní ti pípàgọ́, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ń san láti sùn nínú igbó ìjọba gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbowó ní àwọn ibùdó tó ní ilé ìtura àti omi ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lọ sí ibùdó lè pàgọ́ síbi tí wọ́n kan àmì yíká aláwọ̀ ìyeyè mọ́. Níbi tí kò bá sí àmì, àgọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà tó 150 ẹsẹ̀ bàtà sí omi, sí ọ̀nà àti sí ipa ẹsẹ̀. Àtíbàbà onígi tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tún wà káàkiri, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń wọ̀ ọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ni ín. Bí àyè bá kù, kó gba ẹlòmíràn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ju òru mẹ́ta lọ lójú kan, tàbí ẹgbẹ́ tó bá tó ènìyàn 10, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Igi tó ti kú tó sì ti wó nìkan ni wọ́n lè fi dáná, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé igi ìdáná tí wọn kò tíì fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ wá láti ibi tó ju máìlì 50 lọ, torí kòkòrò tó ń pa igbó ni irú igi bẹ́ẹ̀ ń kó káàkiri. Ní apá ìlà-oòrùn àwọn òkè gíga, wọn kì í dáná igi rárá. Síítófù kékeré onígáàsì ni wọ́n ń lò.

Ẹranko béárì dúdú ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bẹ̀rù, àmọ́ oúnjẹ ló ń wá, kì í sábà wá ènìyàn. Láàárín oṣù Kẹrin sí òpin oṣù Kọkànlá, òfin fi dandan lé e ní apá ìlà-oòrùn àwọn òkè gíga náà pé kí oúnjẹ, ọṣẹ àti ìpara wà nínú garawa oníke líle tí béárì kò lè ṣí, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí àgọ́. Abo béárì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yellow-Yellow nítorí àmì méjì tó wà létí rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń ṣí irú garawa kan, ó sì di olókìkí kí ọdẹ kan tó pa á ní ọdún 2012. Béárì tí oúnjẹ ènìyàn bá ti mọ́ lára kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́, ikú ló sì sábà máa ń já sí fún un.

Òtútù léwu ju béárì lọ. Àárín oṣù Keje pàápàá, òjò àti afẹ́fẹ́ lórí òkè lè mú kí ara ẹni tutù kọjá ààlà. Aṣọ òwú tó bá ti rin kì í móoru. Aṣọ irun àgùntàn ló ń gbani. Láti àárín oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, kantíkantí dúdú a máa jẹni bí ẹni ń gbẹ̀san, ẹ̀fọn a sì tẹ̀ lé e. Omi adágún lè mọ́ gaara, síbẹ̀ kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n sè é tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ kí wọ́n tó mu. Mímọ́ gaara yẹn pàápàá kì í ṣe àmì ire nígbà kan rí. Èéfín ilé iṣẹ́ amúnáwá láti ìwọ̀ oòrùn ló ń sọ òjò di omi kíkan, tí ẹja sì tán nínú ọ̀pọ̀ adágún. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1990 ló dín èéfín náà kù, ẹja sì ti ń padà sí àwọn kan nínú wọn.

Ní ẹnu ọ̀nà igbó, ìwé kan wà nínú àpótí onígi. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń lọ àti ọjọ́ tí yóò padà síbẹ̀, kó sì tún fọwọ́ sí i nígbà tó bá jáde. Fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ láàárín òkè, ìwé yìí sì wà lára ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó sọnù.