Babangida àti ogun Làìbéríà

Ogun tí kì í ṣe tiwa, àmọ́ tí àwọn ọmọ wa kú sí, la fẹ́ sọ lónìí.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1989 ni Charles Taylor kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọ Làìbéríà, ó fẹ́ lé Ààrẹ Samuel Doe kúrò. Ọ̀rẹ́ Babangida ni Doe, kì í ṣe àṣírí. Ní oṣù Kẹjọ 1990, ECOWAS dá ECOMOG sílẹ̀, Nàìjíríà ló sì gbé ẹrù tó wúwo jù níbẹ̀. Ìjọba ológun la wà. Kò sí ilé aṣòfin tó máa bi Babangida pé èló ló ná.

Ibi tó ń yà mí lẹ́nu rèé. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, Doe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ibùdó ECOMOG ní èbúté Monrovia. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ogun Prince Johnson ti gbé e lọ, wọ́n sì pa á. Ní ibùdó àwọn tó ní àwọn wá pẹ̀tù síjà!

Àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin, lọ ròyìn ogun yẹn. Wọ́n pa wọ́n síbẹ̀.

Taylor ńkọ́? Ó wọlé ìbò ààrẹ ní 1997. Nígbà tó sá kúrò lórí oyè ní 2003, Nàìjíríà ló gbà á sílé, ní Calabar.