Òkè Ààbò Di Òkè Ìgbafẹ́

Òkèrèwè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ńlá márùn-ún tí Ilé-Ifẹ̀ pín sí. Àwọn yòókù ni Ìrẹ̀mọ, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rè àti Ìlàrè. Ẹni tí ó bá gbéra níbẹ̀ ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, tí ó wakọ̀ lọ sí ìhà àríwá láti wo òkè, adágún àti ọgbà ẹranko ìjọba ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, lè rò pé fàájì lásán ni òun ń bá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kún fún ìtàn. Láti Ifẹ̀ kan náà ni ìtàn ti sọ pé Ọ̀rànmíyàn jáde kí ó tó tẹ Ọ̀yọ́-Ilé dó, ọ̀pá rẹ̀ sì wà ní Ifẹ̀ títí di òní.

Bí arìnrìn-àjò bá kọjá Ìsẹ́yìn, yóò dé Adó-Àwáyè. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni yóò gùn kí ó tó dé orí òkè, níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà. Omi lórí àpáta jẹ́ ohun ìyanu fún ẹni tí ó wá ṣeré. Fún ẹni tí ogun ń lé, ẹ̀mí ni. Àwọn ará Adó gbé orí òkè yìí nítorí ààbò, ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀ ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Adágún Ìkéré, ní tirẹ̀, kì í ṣe àdáyébá: odò Ògùn ni a sé tí ó fi di adágún.

Ìgbòho ni ó tún kàn. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Tápà lé ọba Ọ̀yọ́ kúrò láàfin, ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni a sin síbẹ̀ kí Abípa tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé.

Ní ọdún 1826, lásìkò Aláàfin Májòtú, òyìnbó Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, ó bá ọba lórí ìtẹ́ àti ìlú ńlá tí ènìyàn kún inú rẹ̀. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ìlú náà fi di ahoro. Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, Àtìbà sì gbé oyè lọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, tí í ṣe Ọ̀yọ́ òde òní. Bí ènìyàn ti jáde ni igbó wọlé. Ìjọba amúnisìn sọ àyíká náà di igbó ọba ní 1936 àti 1941. Ó di ibi ìpamọ́ ẹran ìgbẹ́ ní 1952. Ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991.

Èyí ni ó yẹ kí á ronú lé. Ogun tí ó tú ìlú náà ká ni ó fún ẹfọ̀n àti ìgalà ní ilé. Òfin tí ó dá ẹranko sí kò sì jẹ́ kí ọkọ́ àgbẹ̀ kan ahoro odi náà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ni ní ìtàn. Bí a bá kó àwọn ọmọ wa débẹ̀ láti ka iye ìgalà, tí a kò fi àfọ́kù ìkòkò tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn hàn wọ́n, wọn yóò padà délé pẹ̀lú èrò pé igbó ni ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ẹni tí kò pa àróbá fún ọmọ lẹ́nu ìrìn-àjò yìí, òkúta àti omi nìkan ni ó fi hàn án.