Kòkò Tábà 18

Ẹni tó bá ti ṣe olórí èsúsú rí ló mọ ohun tí ojú olórí èsúsú ń rí. Èmi kò ṣe é nílé rí o. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti jẹ oyè náà, láàrin àwọn Òyìnbó tí ń fa kòkò tábà.

Ní ọdún 1978, àwa 18 la máa ń pàdé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú yàrá òkè ilé ọtí kan. Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ń tún aago ṣe náà wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Ẹnìkan wá dá a lábàá pé kí á pa owó pọ̀, kí á gbé iṣẹ́ fún agbẹ́kòkò kan ní ìgbèríko, kí ó fọwọ́ gbẹ́ kòkò 18 tó bára mu fún wa, kí ó sì tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí i lára. Bó bá ṣe ẹyọ kan ni, oníṣẹ́ ọwọ́ náà kò ní torí rẹ̀ fi iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 18 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gbọ́, á sì dín owó kù. Ta ni yóò wá mú owó lọ́wọ́? Mo ti ròyìn èsúsú fún wọn lọ́jọ́ kan, bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń dáwó lóṣooṣù láìsí ìwé, láìsí báńkì. Wọ́n bá nawọ́ sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jiyàn lórí ìrísí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ èyí tó gún régé, àwọn kan fẹ́ èyí tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn tó fẹ́ èyí tó gún ló borí. Oníkálùkù san £9 sílẹ̀, ìyẹn ìdajì owó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £162, ó ju owó tí mò ń gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo kó o fún agbẹ́kòkò. Ó ní yóò parí iṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé. Kérésìmesì dé, a ò rí nǹkan kan. Nínú oṣù Èrèlé ni lẹ́tà rẹ̀ tó dé: ó ti gbẹ́ ègé igi 31, 11 péré ló jáde dáadáa.

Ariwo ta nínú yàrá òkè. “Irọ́ ni! Ó ti ná owó wa!” Ẹnìkan kò pariwo ní tirẹ̀, èmi ló kàn ń wò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí n sọ ibi tí igi náà ti wá, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Láyé ijọ́un, amọ̀ ni kòkò tábà. Ìlú Gouda ní ilẹ̀ Hóláǹdì lókìkí fún un, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń mọ tiwọn. Bó bá já lulẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn olówó ní tiwọn ń lo òkúta funfun fúlẹ́fúlẹ́ kan tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Tọ́kì, tí àwọn ará Vienna máa ń gbẹ́ ère sí lára. Nílé wa pẹ̀lú, amọ̀ ni. Láti Amẹ́ríkà ni àwọn Òyìnbó ti gbé tábà wá sí etíkun wa, ìdí sì nìyẹn tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi máa ń mọ̀, bí wọ́n bá hú orí kòkò amọ̀ jáde, pé ìpele ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àtayébáyé. (Tábà Bahia láti ilẹ̀ Brazil wà lára ohun tí wọ́n fi ra ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú ní Ouidah. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò lè kọjá lára rẹ̀ kí n má mẹ́nu bà á.)

Ìlú kékeré kan wà láàrin òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, Saint-Claude lorúkọ rẹ̀. Àwọn Àgùdà máa ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ nítorí ẹni mímọ́ tí wọ́n sin síbẹ̀. Àwọn ará ìlú náà ń fi igi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àti ère tà fún wọn, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ iṣẹ́ igi láti ìran dé ìran. Wọ́n ti ń fi oríṣiríṣi igi gbẹ́ kòkò, ṣùgbọ́n iná máa ń jẹ ẹ́. Láàrin ọdún 1850 sí 1860 ni igi bruyère dé ọ̀dọ̀ wọn láti ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà. Orúkọ Faransé yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí sí briar. Kò pẹ́ tí Saint-Claude fi di olú ìlú kòkò tábà fún gbogbo ayé. Láti ibẹ̀ ni Henri Comoy ti kó iṣẹ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879.

Kí ló dé tí iná kì í tètè jẹ igi yìí? Igbó kéékèèké ni bruyère, ó ń hù ní Kọ́síkà, ní Calabria ní ìsàlẹ̀ Ítálì, ní Àlùjíríà, níbi tí iná ọ̀dàn ti máa ń jó lọ́dọọdún. Láàrin gbòǹgbò àti ẹ̀ka rẹ̀ ni kókó ràbàtà kan wà nínú ilẹ̀. Iná a jó ẹ̀ka tán, kókó a tún rú jáde. Kókó yìí gan-an ni wọ́n ń sọ di kòkò. Ó gbọ́dọ̀ ti gbó tó 30 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n a hú u, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gbẹ, kó má baà là. Ẹni tí yóò rẹ́ ẹ a jókòó ti ayùn tó ń yí bírí, ìka rẹ̀ kò ní jìnnà sí eyín ayùn náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a sè é nínú ìkòkò bàbà ńlá fún wákàtí púpọ̀ kí oje kíkorò inú rẹ̀ lè jáde, wọ́n a wá sá a síbi tí oòrùn kò dé fún oṣù púpọ̀.

Ibi tí wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí kókó náà ṣe ń dàgbà, ó ń gbé iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ń la ara rẹ̀ nínú. Kò sí ojú tó lè rí i láti ìta. Ìgbà tí agbẹ́gi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni ihò a ṣàdédé yọjú. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n a fi àtè dí i, wọ́n a fi ọ̀dà bò ó. (Kòkò tó bá dúdú jù, ẹ máa fura sí i.) Ẹni tí ń fọwọ́ gbẹ́ ẹ, tó sì fẹ́ kí orúkọ òun mọ́, á sọ ọ́ nù ni.

Ọ̀rọ̀ àjọṣe kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará Saint-Claude yìí. Ní 1881 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àjùmọ̀rà oúnjẹ sílẹ̀, La Fraternelle. Nígbà tó yá, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní pín èrè láàrin ara àwọn mọ́. Kí wọ́n fi ran aláìsàn àti arúgbó lọ́wọ́. Owó yẹn ló kọ́ Maison du Peuple, ilé àwọn ará ìlú, tí wọ́n parí ní 1910. Ilé búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn eré wà níbẹ̀, ilé ìwé kíkà wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gbẹ́ kòkò àti àwọn tí ń dán dáyámọ́ńdì ló ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ sí i. Ní ọjọ́ Àjíǹde, 9 oṣù Igbe 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tí Klaus Barbie ṣáájú ká àwọn ọkùnrin ìlú náà mọ́ gbàgede, wọ́n sì kó nǹkan bí 300 lọ sí àgọ́ Buchenwald. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà wálé. Nígbà ogun yẹn kan náà, igi bruyère kò lè kọjá òkun mọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà sì lọ ń wú gbòǹgbò igi orí òkè ní Carolina àti California láti fi gbẹ́ tiwọn. Kò dà bí i rárá.

Lẹ́yìn ogun ni Sixten Ivarsson, ọmọ Sweden tó tẹ̀dó sí Copenhagen, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kòkò. Títún èyí tó fọ́ ṣe ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ohun tó yàtọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í fi ìrísí dandan lé igi lórí. Ó máa ń wo bí ìlà inú igi ṣe rìn kó tó mọ ohun tí yóò gbẹ́. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo rí i pé iṣẹ́ tí a gbé fún ọkùnrin wa nira ju bí a ti rò lọ. Àwa ní kí 18 bára mu! Igi ha bára mu bí?

Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ gbogbo èyí ní oṣù Èrèlé náà. Mo mú alátùn-únṣe aago dání, nítorí òun ni gbogbo wọn gbà gbọ́, a wọ rélùwéè lọ bá agbẹ́kòkò. Kò bínú. Ó da àpò kan sílẹ̀ níwájú wa: orí kòkò 20, òmíràn ti parí dé ibi dídán, gbogbo wọn ní àbùkù. Ó mú ègé tuntun, ó fi sórí ẹ̀rọ. Igi náà dára, ìlà rẹ̀ ń jó bí iná. Ó gbẹ́ ẹ fún nǹkan bí wákàtí kan, ó wá dá ihò inú rẹ̀ lu. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láìwí nǹkan kan. Alátùn-únṣe aago mú un jáde. Ihò dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sọ̀rọ̀. Èmi dákẹ́. Ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ní àwọn kò ṣe mọ́. Mo yọ £18 nínú àpò ara mi san fún wọn kí ọ̀rọ̀ lè tán, èyí ni ìyàwó mi ò dárí rẹ̀ jì mí fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń wò mí lọ́jọ́ yẹn wà nínú wọn. Mo rí ẹni méjì mìíràn rọ́pò wọn.

Oṣù Òkúdu ni kòkò dé. 17 mọ́ tónítóní. Ìkejìdínlógún ní ihò bíńtín kan ní ìdí rẹ̀; agbẹ́kòkò kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ní gba ìyókù owó lórí èyí, ègé igi òun ló tán. Wọ́n ní kí á ṣẹ́ kèké. Kí wọ́n tó gé ìwé tán, mo ti mú èyí tó ní ihò.

Ní 1991, dókítà ní kí n jáwọ́ nínú tábà, mo sì jáwọ́. Àbí ta ni kò mọ̀ lónìí pé ó ń pa ni? Kòkò náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí mo bá fi èékánná wá ìdí rẹ̀, mo ṣì máa ń kan ihò náà.