Èdè tí Wirth Dá fún Ẹ̀rọ IBM

Ẹnikẹ́ni tí ó ti fi ògbufọ̀ bá àlejò sọ̀rọ̀ rí ti mọ ìdí ọ̀ràn tí a ó gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Láìsí ògbufọ̀, àárẹ̀ ni. Bí ògbufọ̀ bá sì gbọ́n jù, a kì í mọ ohun tí ó fi kún ọ̀rọ̀ ẹni.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kéde ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní System/360. Ẹ̀rọ náà ní rẹ́jísítà 16, èyíinì ni àwọn ibi kékeré nínú rẹ̀ tí ó ń gbé nọ́ḿbà sí nígbà tí ó bá ń ṣírò, àti 4 mìíràn fún nọ́ḿbà tí ó ní ìdá. Ẹni tí ó bá fẹ́ pàṣẹ fún un ní tààràtà a máa lo èdè assembly, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo: gbé èyí, fi ìyẹn kún un, fò lọ sí ibẹ̀ yẹn. Kò sí ohun tí ó pamọ́ fún ẹni tí ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, òun tìkára rẹ̀ lè sọnù sínú ohun tí ó kọ.

Niklaus Wirth, ọmọ Switzerland tí a bí ní ọdún 1934, ń kọ́ni nígbà náà ní Yunifásítì Stanford. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni láti kọ atúmọ̀ fún èdè Algol W lórí ẹ̀rọ yìí. Àwọn èdè ńlá fi ẹ̀rọ pamọ́ jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe dá PL360, tí ó tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní ọdún 1968.

Ohun tí ó fi kún assembly kò pọ̀. A lè kọ pé bí ọ̀ràn bá rí báyìí kí ẹ̀rọ ṣe èyí, tàbí kí ó máa ṣe é títí ìdí rẹ̀ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n àwọn rẹ́jísítà dúró pẹ̀lú orúkọ wọn, R0 títí dé R15, òǹkọ̀wé ni ó sì ń yàn wọ́n. Láti òsì sí ọ̀tún ni ìṣirò ń lọ. Ìsọdipúpọ̀ kò ṣáájú ìròpọ̀ bí a ti kọ́ wa ní ilé-ìwé.

Ẹ wo àṣẹ yìí: R1 := R2 + R1. Bí 3 bá wà nínú R1, tí 5 sì wà nínú R2, gbogbo wa ni yóò retí 8. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ gbé 5 sínú R1, 3 yóò sì ṣègbé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi R1 kún ara rẹ̀, 10 ni yóò sì jáde. Ọ̀pọ̀ yóò pe èyí ní àbùkù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti mú 8 wá, atúmọ̀ ní láti yí ètò ọ̀rọ̀ padà, tàbí kí ó yá rẹ́jísítà mìíràn lò láìsọ fún ẹni tí ó ni ín. Wirth kò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ó ní iye tí èyí ná an, nítorí PL360 kò lè kúrò lórí ẹ̀rọ IBM. Èdè C ti Dennis Ritchie, tí a fi tún Unix kọ ní ọdún 1973, fi rẹ́jísítà pamọ́ díẹ̀, ó sì rìn jìnnà. Wirth fúnra rẹ̀ padà sí Switzerland ní ọdún 1967. Nínú Pascal, tí ó gbé jáde ní ọdún 1970, a kò rí rẹ́jísítà mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n PL360 ni a fi kọ atúmọ̀ Algol W, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pète.